Pẹ́dà Òsì Máṣínì Bàbá Mi

Ìyá mi ti búra: bí máṣínì bàbá mi kò bá dáná kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́mù ni yóò kó o lọ. Ó ti bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ ní ọjà Boundary. Ọkùnrin náà sì ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fọwọ́ tẹ táyà ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ ọdún.

Máṣínì kékeré àtijọ́ ni, èyí tó ní pẹ́dà bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, tí èèyàn máa ń fi ẹsẹ̀ wà kíkankíkan kí ẹ́ńjìnnì tó dáná. Kò tíì dáná láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Amukoko ló dúró sí, kò sì sẹ́ni tí kò tíì fi ojúgun gbá a nínú ilé. Bàbá mi kì í bá ìyá mi jiyàn. Gbogbo èsì ẹ̀ kò ju "Á dáná" lọ. Ó ra plọ́ọ̀gì tuntun, ó fọ kábúrétọ̀, ó ń nù ún láàárọ̀ lálẹ́. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ni èmi ọlọ́gbọ́n bá ní kí n ran bàbá lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ ni, ìsinmi wà, àwọn méjèèjì sì ti lọ sí ìpàdé àdúrà. Mo fẹ́ tú pẹ́dà méjèèjì, kí n fi gíríìsì sí i. Ti ọ̀tún tú wẹ́rẹ́. Ti òsì kọ̀ jálẹ̀. Mo yí i sí òsì, torí bí a ṣe ń tú bóòtù láyé nìyẹn. Kò mì. Mo bú u. Mo ki páìpù bọ ìdí sípánà, mo gbé gbogbo ara lé e. Ó tú! Mo jó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ po kí n tó wolẹ̀, tí mo rí irin wínníwínní tó dà sílẹ̀ bíi gààrí. Inú ihò tí pẹ́dà ń wọ̀ ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Mo ti họ gbogbo tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀, àwọn ìlà tó ń di pẹ́dà mú, dànù.

"Mo gbé!" Ẹ̀rín ni mo bú sí. Ẹ má bi mí léèrè, bí ẹ̀rù bá ti bà mí jù, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Mo fi òòlù yọ apá pẹ́dà náà lódindi, irin tí ihò yẹn wà lára ẹ̀, mo fi àpò ìrẹsì bo máṣínì, mo ní kí bàbá má ṣí i, pé mo kùn ún, kò tíì gbẹ. Irọ́ funfun báláú.

Lọ́jọ́ kejì, inú báàgì ọwọ́ mi ni apá pẹ́dà yẹn wà, láàárín pàúdà àti Bíbélì kékeré. Sìkiọ́rítì tó ń yẹ báàgì wò ní ọ́fíìsì wa ní Àpápá gbé e sókè. "Àǹtí, who you wan beat?" Mo já a gbà, mo wọlé. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo sáré lọ sí Malu Road, sọ́dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ tọ́nà, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń fi ẹ̀rọ gé irin. Okùn ló fi so ìgò ojú ẹ̀ mọ́ orí.

Ó wo ihò náà lẹ́ẹ̀kan. "Ti ẹsẹ̀ òsì ni. Ẹ yí i sí òsì, àbí?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, sà?"

"Gbogbo ayé ló ń yí i síbẹ̀. Ti ẹsẹ̀ òsì nìkan ló yàtọ̀, ọ̀tún la ń yí i sí kó tó tú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ bá ṣe ń wà á ni á máa tú fúnra ẹ̀."

Ó ní òun á lu ihò náà tóbi sí i, òun á gé irin roboto kan tó ń jẹ́ búùṣì sínú ẹ̀, òun á wá fín tírẹ́ẹ̀dì tuntun síbẹ̀. Kò tíì lù ú jìnnà tó fi pa ẹ̀rọ. "Ẹ wá wò ó." Mo tẹjú mọ́ ọn. Òrùka pupa kan wà nínú irin funfun náà, idẹ ni. "Wọ́n ti fi búùṣì sí èyí rí," ló wí. "Ẹnìkan ti ṣe é kí ẹ tó ṣe é."

Háà! Ta ló tún ń fọwọ́ kan máṣínì yẹn bí kò ṣe bàbá mi? Bàbá mi tó máa ń wàásù fún mi pé bóòtù kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ onísùúrù! Nígbà tó parí ẹ̀ tí mo gbà á, mo rẹ́rìn-ín títí dé ọ́fíìsì, àwọn dẹ́rẹ́bà tírélà ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú.

Láàárọ̀ Sátidé, bí bàbá ṣe ń wẹ̀, mo dá gbogbo ẹ̀ padà sípò. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, oníkọ̀ndẹ́mù ti gbé ọmọlanke ẹ̀ dúró síwájú ilé. Bàbá gbé máṣínì síta, ó gùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí wà á. Kò dún. Ó tún wà á, ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Pẹ́dà òsì nìkan ni mò ń wò, mò ń pe Jésù. Ẹ̀ẹ̀kẹta, èéfín bo gbogbo wa, ó dáná! Àdúgbò hó yèè. Oníkọ̀ndẹ́mù gan-an pàtẹ́wọ́.

Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ṣe, mo wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n Dádì, mo rí búùṣì yín o! Ta ló kọ́kọ́ yí i sí òsì?"

Bàbá mi bojú wo ẹ́ńjìnnì. "Èmi ni."

"Irọ́ lẹ̀ ń pa," ìyá mi sọ látẹnu ọ̀nà. Mi ò rí i kí ojú tì í báyẹn rí. "Èmi ni. Bàbá ẹ ò tíì fẹ́ mi nígbà yẹn. Mo ní kí n bá wọn tún un ṣe kí wọ́n tó dé. Àwọn ló gbé e lọ fi búùṣì sí i, wọn ò sì sọ fún ẹnì kankan títí dòní."

Ẹ́ńjìnnì ń dún lọ. Ìyá mi so ìró ẹ̀ le, ó jókòó sẹ́yìn bàbá mi, ó dì í mú níbàdí.

"Ọ̀gá, ẹ máa lọ," ló wí fún oníkọ̀ndẹ́mù. "A ò tà á mọ́."