Ìyàwó Wa Láti Gúúsù Áfíríkà

Ọmọ ẹ̀yà Súlú ni ìyàwó bọ̀dá mi. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti pàdé, níbi tí bọ̀dá mi ti ń tún fóònù ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò ibẹ̀ dìde sí àwọn àlejò, tí wọ́n ń dáná sun ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sun tirẹ̀ náà. Ó rí àwọn oníbàárà rẹ̀ láàárín wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló fi í pamọ́ sínú ilé ìyá tirẹ̀, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń sọ fún àwọn tó ń wá a kiri pé kò sí ọkùnrin kankan nílé. Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, wọ́n gbé ọmọbìnrin wọn kékeré, wọ́n wá sílé wa ní Èsìẹ́.

Bọ̀dá mi tó dé yàtọ̀ sí ẹni tó lọ. Bí ọ̀kadà bá dún gbàmù lójú ọ̀nà, á fò dìde. Ìyàwó rẹ̀ ni ilé tètè mọ́ lára. Ó ń bá ìyá wa lọ sóko, ó mọ ẹ̀gẹ́ bó, ó mọ gàrí yan. Ẹnu ìyá wa ló ti kọ́ èdè, torí náà kì í ṣe Yorùbá inú ìwé ló ń sọ. Nígbà tí mo mú un lọ sí Ìlọrin, obìnrin kan tó ń ta aṣọ bi mí pé abúlé wo nílẹ̀ Ìgbómìnà ló ti wá tí èdè ibẹ̀ fi le lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Ìyàwó wa fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín títí a fi délé.

Bàbá wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò lè gbé mì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a ń jẹun, ó gbé e jáde.

"Ìyàwó wa," ó ní, "nígbà tí àwọn òyìnbó ń jẹ yín níyà, ìjọba wa ń yọ nínú owó oṣù wa láti fi ràn yín lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pàápàá dáwó. A máa ń gbàdúrà fún yín láàárọ̀ kí a tó wọ kíláàsì. Ṣé wọn kì í sọ ọ́ fún yín ni?"

Ìyàwó wa wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. N kò gbọ́ ọ rí. Ìyá mi náà kò gbọ́ ọ."

"Kí wá ni wọ́n ń sọ fún yín nípa wa?"

"Wọ́n ní ẹ wá gba iṣẹ́ wa, ẹ sì ń ta oògùn olóró fún àwọn ọmọ wa."

Bàbá rọra ti àwo ọbẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì jẹun mọ́. Iṣẹ́ tíṣà ni èmi náà ń ṣe ní Òmù-Àrán. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àjọṣe orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè: àdéhùn, òwò, aṣojú ìjọba. Ohun tí mo rí lójú bàbá mi lọ́jọ́ náà kò sí nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ wọn. Ó ti ń rántí oore kan láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ẹni tó ṣe é fún kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe òun lóore.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n gbé òkú ọmọ Èsìẹ́ kan dé láti Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n lù ú pa lójú títì. Ìyá rẹ̀ àti ìyá wa jọ wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bọ̀dá mi ní kí ìyàwó òun má lọ kí wọn.

"Bí n kò bá lọ," ni ìyàwó wa wí, "wọn á ní inú mi dùn sí i."

Èmi ni mo bá a lọ. Èrò kún inú ilé náà. A kúnlẹ̀ níwájú ìyá olóòkú. Obìnrin náà wò ó títí, kò sì pariwo.

"Ọmọ mi," ó ní, "ìwọ kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ohùn àwọn tó pa ọmọ mi ni mò ń gbọ́. Jọ̀ọ́, má wá mọ́."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

A kí wọn, a jáde.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Kò sí ẹni tó bú u. Àwọn ènìyàn kàn ń wá ibòmíràn jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olùṣọ́àgùntàn wàásù lórí ìfẹ́ ọmọnìkejì, gbogbo wa ṣe àmín, síbẹ̀ ìyàwó wa àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì wọn. Nílé ìwé, àwọn ọmọ ń sọ fún ọmọ náà pé apànìyàn ni àwọn ènìyàn ìyá rẹ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló lé e lọ. Ọjọ́ kan ni Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà ń gbá bọ́ọ̀lù, tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kún pálọ̀ wa. Bọ̀dá mi tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Ẹ fọ́ wọn! Ẹranko ni gbogbo wọn!" Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbé ọmọ lé itan. Ó dìde, ó wọ yàrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Nígbà tí wọ́n ń wá ọ, ilé ta lo sá sí?"

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí."

"Gbogbo wọn lo sọ."

Nígbà tó yá, bọ̀dá mi sọ fún mi pé, "Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ kò dáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí àwọ̀ aṣọ wọn yẹn, iná ni mò ń rí."

Mo sin ìyàwó wa àti ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń padà sí Gúúsù Áfíríkà, dé gáréèjì ní Òmù-Àrán. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ọkọ̀ fi kún.

"Àǹtí," ó ní, "lọ́hùn-ún, ìyàwó ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí. Níbí, ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni mí. Ibi méjèèjì kò gbà mí. Ó kéré tán, ìyá mi wà lọ́hùn-ún."

Bọ̀dá mi ti wá físà láti lọ bá wọn. Ìjọba ibẹ̀ kò fún un. Ó tún wá a, wọn kò fún un. Kò tún béèrè mọ́. Ó ń tún fóònù ṣe ní Òmù-Àrán báyìí, ó sì ń pe ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ náà ti gbàgbé Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń pè é. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó na fóònù sí mi. "Bá a sọ̀rọ̀. Tíṣà ni ọ́."

Ọmọ náà ní wọ́n sọ nílé ìwé àwọn pé olè ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ṣé òótọ́ ni? Mo ní irọ́ ni, pé bàbá rẹ̀ kì í ṣe olè, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kì í ṣe olè.

Ọmọ náà ní, "Ẹ̀yin náà ṣáà ní apànìyàn ni wá."

Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pè é ní èdè wọn. Ọmọ náà pa fóònù.

"Kí ló wí?" ni bọ̀dá mi bi mí.

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já.