Ọjọ́ Tí N Kò Kí Ìyá Mi

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun òru kan ń wò. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́. Bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, mo ti wà lójú ọ̀nà Oǹdó, níbi tí ìyá mi ń dá gbé nínú ilé tí bàbá wa kọ́ kí ó tó kú. Ọdún méjì ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu géètì ni n óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, n óò máa kí lọ títí n óò fi wọ pálọ̀, ọwọ́ mi á sì ti di ìgbálẹ̀ mú kí wọ́n tó dá mi lóhùn tán. N óò gbálẹ̀, n óò fọṣọ, n óò se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sínú fíríìjì, n óò to kíṣìnnì, n óò sì ti àga àti àpótí síbi tí ó tọ́ lójú tèmi. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, mo ti ń padà lọ.

Tíṣà ni ìyá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́fà, nǹkan ń yí padà. Wọ́n pariwo pé olè ti jí sálúbàtà wọn, sálúbàtà tí èmi fúnra mi tò sórí pákó bàtà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní gíláàsì wọn ti gbó, wọn kò ka Bíbélì mọ́. Ní Sátidé kan, wọ́n da iyọ̀ sínú ògì dípò ṣúgà, wọ́n sì mu ún tán níṣojú mi láìsọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo fẹ́ fọ ife náà ni mo tọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, ni mo bá tutọ́.

Mo pe àbúrò mi ọkùnrin tí ó wà ní Kánádà, mo rò fún un.

“Sísí, orí Màámi ti ń dàrú,” ló wí. “Ẹ kó wọn wá sí Àkúrẹ́ kí wọ́n tó dáná sun ara wọn mọ́lé.”

Ó rọrùn láti sọ láti Kánádà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fi Àkúrẹ́ lọ̀ wọ́n, èsì kan náà ni: “Inú ilé yìí ni mo ti máa lọ bá bàbá yín.” Èmi àti àbúrò mi ṣe àdéhùn pé kí oṣù tó parí, n óò sọ fún wọn pé kì í ṣe ìmọ̀ràn mọ́. Èmi ni n óò sọ ọ́, èmi ni n óò di ẹrù wọn, èmi náà ni n óò ti ilẹ̀kùn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé apá kan ọkàn mi ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n lè máa sùn ní Sátidé bí ènìyàn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, olùkọ́ kan tí a jọ ń lo ọ́fíìsì bá mi níbi tí mo sùn lé ìwé ìdánwò àwọn ọmọ lórí. Ó ní, “Mà, ẹ má pa ara yín o.” Ló bá fún mi ní ìwé pélébé kan: òpin ọ̀sẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, nínú ilé àlejò kan lọ́nà Ìjù, fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fara balẹ̀ gbé inú ìṣẹ́jú tí a wà. Mo pe ìyá mi pé n kò ní í lè wá ní Sátidé yẹn. “Ó dára bẹ́ẹ̀,” wọ́n yára dáhùn, “lọ sinmi.” Ó dùn mí díẹ̀ pé wọn kò rojọ́.

Àwa méjìlá ni a dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Obìnrin tí ó ń darí wa kò tíì pé ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tí ó ń tu ọmọ nínú. Ó gba fóònù wa sínú apẹ̀rẹ̀, ó ní kò sí ọ̀rọ̀ sísọ mọ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí kò rò ni pé Yorùbá méjìlá ni ó kó jọ. Ta ni yóò kọjá lára àgbàlagbà ní òwúrọ̀ tí yóò pa ẹnu mọ́? Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun wọlé bá wa lórí ẹní, ó ní, “Ẹ kú ìjókòó o,” àwa mẹ́fà sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo wa tó fọwọ́ bo ẹnu. Láti ìgbà náà, ìkúnlẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ fi rọ́pò ọ̀rọ̀. Wọ́n ń kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìwẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀ níbi tábìlì, títí orúnkún ẹlòmíràn fi bó. Ìyá tí ó ń se oúnjẹ fún wa, ọmọ Ìjù, kò sí lábẹ́ òfin náà, kò sì sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún un. Ó kí wa láàárọ̀, a wò ó. Ó kí wa lọ́sàn-án, a wò ó. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó gbé ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀, ó ní, “Kí ni mo ṣe fún gbogbo ará ulé yìí?” Omi ti lé ròrò sí i lójú. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, ṣùgbọ́n n kò la ẹnu.

Ní ti ẹ̀kọ́ náà, mo gbìyànjú. Wọ́n ní kí a máa ṣọ́ èémí wa bí ó ṣe ń wọlé, bí ó ṣe ń jáde. Wọ́n fún wa ní ọsàn kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, a sì fi ìdajì wákàtí jẹ ẹ́. “Ẹ fi àná sílẹ̀, ẹ fi ọ̀la sílẹ̀,” ni obìnrin náà ń wí, “ẹ wà níbi tí ẹ wà.” Mo wo ibi tí mo wà: ẹ̀yìn ń dùn mí, ẹ̀fọn ń jẹ mí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ìyá mi sọ sì ń yí nínú orí mi. Nígbà tí n kò mọ ohun tí n óò ṣe mọ́, mo sùn. Mo sùn lórí ẹní, mo sùn nínú àga, mo hanrun nínú àṣàrò Sátidé tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó tì mí fi gbá mi ní ìgúnpá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ní kí a dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kí a kàn máa wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan. Gbogbo ohun tí mo rí ni ẹní kan tí ó wọ́. Ọwọ́ ń yún mi láti lọ tò ó.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, òfin tú, ìkíni sì bú jáde bí ìgbà tí wọ́n lu aago fún ọmọ iléèwé. Èmi kò ní agbára rẹ̀. Mo lọ bẹ ìyá olóúnjẹ, mo gba fóònù mi, mo wọ ọkọ̀ mi, mo kọrí sí Oǹdó. Mo ti pinnu pé ọjọ́ náà ni n óò sọ ọ́. Bí mo bá tún fi dé ẹnu iṣẹ́ láìsọ ọ́, ìgboyà náà á fò lọ.

Géètì wà ní ṣíṣí, ilẹ̀kùn pálọ̀ náà ṣí fún atẹ́gùn. Ẹni tí ó bá wọlé láìkí onílé nílùú wa, bí kò bá jẹ́ olè, ọmọ tí a kò kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sì wúwo jù ú lọ. N kò kí ẹnikẹ́ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá mi ń bọ̀ láti kíṣìnnì pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ̀yìn ọwọ́ òsì wọn ń fara kan ògiri bí wọ́n ṣe ń rìn. Ètè wọn ń mì, mo rò pé orin ìsìn ni, àfi ìgbà tí wọ́n sún mọ́ mi tí mo gbọ́ ọ: “Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà.” Lórí ẹẹ́fà wọ́n fi ògiri sílẹ̀, wọ́n kọjú sí mi gan-an nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú wọn kò yí padà. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo jù ú sí wọn bí ẹni ń juwọ́ sí ọmọdé. Wọ́n yà, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ife náà lé orí àpótí láìwá a kiri.

Àpótí tí mo máa ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Sálúbàtà wà lẹ́sẹ̀ àga. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò ti dé ilé náà, gbogbo nǹkan sì ti padà síbi tí ọwọ́ wọn mọ̀. Mo wá rántí agolo iyọ̀ àti agolo ṣúgà tí mo ti pààrọ̀ ibi wọn nítorí pé ó wù mí kí agolo ńlá wà lẹ́yìn. Kì í ṣe orí wọn ni ó dàrú. Èmi ni mò ń wá da ilé wọn rú ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tí mo sì ń pè é ní ìtọ́jú.

Ẹkún mi ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, mà.”

Wọ́n yára tún ojú ṣe. “Haa, mo ti rí ọ láti ìgbà tí o ti wọlé!”

“Ẹ ò rí mi, Màámi.”

Wọ́n fi ohùn kan tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu wọn béèrè pé, “Ṣé wọ́n ti ní kí o wá kó mi ni?”

Mo ní rárá, kò sí ẹni tí yóò kó wọn lọ síbì kankan. Mo sọ ọ́ kí n tó mọ̀ bí a ó ṣe ṣe é. Dókítà ojú ní Àkúrẹ́ sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ìríran wọn tí ó ti lọ kò ní í padà. Àbúrò mi bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó gbà. Obìnrin kan láti ìjọ wọn ti ń bá wọn gbé báyìí, ìyá mi ló sì kọ́ ọ ní ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń gbé.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ohun kan ni n kò lè gbé mì. Mo bi wọ́n pé: “Kí ló dé, mà? Ní gbogbo Sátidé tí mò ń ti àga, tí mò ń to kíṣìnnì, kí ló dé tí ẹ ò ní kí n fi í sílẹ̀?”

Wọ́n mu tíì díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn.

“Mo rò ó,” wọ́n ní. “Àmọ́ iṣẹ́ yẹn nìkan lo máa ń wá ṣe. Tí mo bá ní kí o má ṣe é mọ́, kí lo tún máa wá ṣe níbí?”