Òkúta Tí Alfa Àbdùlbáàkí Gbà Tọ́jú

Ẹ̀gbọ́n mi ni Alfa Àbdùlbáàkí. Ìyá kan náà ló bí wa n'Ílọrin, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Sherifat ń tú àṣírí aláṣìírí. Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí i, mo sì bínú. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní àdúgbò Barkin Sale lókè Ọya, láti ìgbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko. Bí ará àdúgbò bá ń rìnrìn àjò, ọwọ́ Alfa ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ń bẹ̀rù ẹnu ayé. Ẹnu ayé lẹbọ, lóòótọ́, àmọ́ tiẹ̀ ti pọ̀ jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan ní ọdún méjì sẹ́yìn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àyìlà tán nílé rẹ̀ ni. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere, kò sí òjò lójú ọ̀run. A kàn gbọ́ ìró lókè, gbùúù! Kí n tó ní "Lá ìláhà," nǹkan ti já pánù ilé ewúrẹ́ lu. Àwọn ọmọ kéú fọ́n ká, wọ́n ń ké "Wayyo Allah!" Nígbà tá a débẹ̀, òkúta dúdú kan ló rì sínú yẹ̀pẹ̀. Kò ju orí ọmọ tuntun lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo ju ọmọ ọlọ lọ.

Alfa pe Hibatullah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní yunifásítì ní Jọ́ọ̀sì. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ló ń kọ́, ó sì ti wà ní ọdún àṣekágbá. Ọmọ yìí ké lórí fóònù!

"Baba, ojú ọ̀run ló ti já! Àwọn kan ń fi gbogbo ayé wọn wá irú ẹ̀, wọn ò rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ. Èmi àti olùkọ́ mi á dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Òun ni màá fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde mi. Orúkọ ibi tó bá já sí ni wọ́n sì máa ń fún un, Baba! Barkin Sale ni gbogbo ayé á máa pè é."

Alfa rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Mo gbọ́, Hiba. Àmánà ni lọ́wọ́ mi." Ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni tọ́jú ni àmánà; lẹ́nu alfa, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo ju ìbúra lọ.

Ọjọ́ kejì ni ẹnu bẹ̀rẹ̀. Bàbá Bámigbóyè, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, gun kẹ̀kẹ́ wá láti àdúgbò Dutsen Kura. Ọ̀rẹ́ Alfa ni, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, àpárá kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wo òkúta, ó nawọ́ sókè. "Háà! Ẹdùn àrá! Ṣàngó ló sọ̀kò sílé Alfa! Ìgbà wo lẹ máa dóṣù?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Alfa.

Lọ́jọ́rú, ìyá àgbàlagbà kan tá ò mọ̀ rí gbé ìgò epo pupa dé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé kéú, ó ní ká jẹ́ kí òun ta epo sí òkúta náà lórí, kí ọmọ òun lè lóyún. Ó ṣe é lójú àwọn òbí tó wá mú ọmọ wọn! Ọ̀kan nínú wọn ní, "Haba, Malam! Ṣé òrìṣà lẹ wá ń tọ́jú báyìí?"

Èmi tó yẹ kí n ní kó pe Hiba, ohun tí mo sọ ni pé, "Alfa, ẹ palẹ̀ nǹkan yìí mọ́ kí wọ́n tó kó ọmọ wọn lọ." Èmi náà ni mo lọ tọrọ òòlù ńlá lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà tó ń da kọnkéré sí ibi àlùwàlá mọ́ṣáláṣí òdìkejì. Alfa ṣe Bismillahi, ó lu òkúta náà títí ó fi fọ́ wẹ́wẹ́. Ó fi bárò kó o, ó dà á mọ́ gíránáìtì wọn. Ó ní kó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń kírun, kí ẹnikẹ́ni má lè bọ ọ́ mọ́. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí Hiba dé.

Hiba dé pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀. Alfa sọ ohun tó ṣe fún un, ọmọ náà kò pariwo. Ó so òòfà mọ́ okùn, ó ń wọ́ ọ lórí yẹ̀pẹ̀ ilé ewúrẹ́ láti àárọ̀ títí di Alaásàrí. Èérún tó rí kò kún ṣíbí. Ó lọ bá àwọn bíríkìlà, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu: kọnkéré ti gan. Ta ni yóò ní kí wọ́n fọ́ ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí? Ó padà wá, ó na òòfà tí èérún dúdú lẹ̀ mọ́ sí bàbá rẹ̀. "Baba, irin ló wà nínú ẹ̀."

Alfa gbà á. "Wa anzalnal hadiida," ó kà á láti inú Àlùkùráánì. "A sì sọ irin kalẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. N kò rò ó rí pé ó lè já sílé ewúrẹ́ mi."

Hiba ní, "Gbogbo ayé lẹ gbọ́ tiwọn, Baba. Ẹ ò pè mí."

Olùkọ́ rẹ̀ ní èérún náà tó láti mọ irú ohun tó já, ṣùgbọ́n kò tó fún iṣẹ́ Hiba. Iṣẹ́ mìíràn ló fi jáde. Alfa ti bẹ̀ ẹ́. Bàbá bẹ ọmọ! Hiba ní kò sí wàhálà, ó ń kí i, ó ń se oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni Alfa ń fọ ẹsẹ̀ lórí kọnkéré yẹn, mo sì ń rí i bó ṣe máa ń pẹ́ níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Inú sì ń bí mi sí ara mi.

Lóṣù tó kọjá, Hiba fẹ́ lọ sin ìjọba ní Kàlàbá. Ó gbé àpótí kékeré kan jáde, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti ìgò tínńtín tó kó èérún yẹn sí ló wà nínú rẹ̀. Alfa jókòó sórí búzù rẹ̀, awọ àgùntàn tó fi ń kírun, lẹ́nu ọ̀nà, ó ti nawọ́ láti gbà á. Hiba kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó tọ̀ mí wá.

"Àǹtí Sherifat, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Àmánà ni."

Ọwọ́ Alfa wálẹ̀. Ó yẹ kí n lanu lọ́jọ́ yẹn, nítorí Hiba ò tíì mọ̀ pé èmi ni mo lọ wá òòlù. Alfa wò mí, ó mọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kò tú mi fó.

"Gbà á, Sherifat," ó ní.

Mo sì gbà á.