Ìdáhùn Tí Baba Sùnmọ́nù Fọ̀ Mu

Ọjọ́ tí ọkọ̀ lẹ́tà bá ti Kùmásì dé ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù ní pósọ́fíìsì wa ní Tàmálè, ọjọ́ náà gan-an sì ni Baba Sùnmọ́nù máa ń wá dà mí láàmú. Ṣáájú ogun àgbáyé kejì ni. Baba ti lé lọ́gọ́ta ọdún, aṣọ ló ń tà ní àdúgbò Sábónjídà, ó sì forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú òyìnbó tó ń fi lẹ́tà kọ́ni ní èdè òyìnbó kíkà àti kíkọ: wọn á fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, ìwọ á kọ ìdáhùn padà sí wọn. Èmi ni mo ń ka ìlànà rẹ̀ fún un, títí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á fi máa pòṣé.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà ìkìlọ̀ dé. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ti lọ, wọn ò rí ìdáhùn kankan, wọ́n fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ ọjọ́ náà lọ.

"Baba, ìdáhùn dà?"

"Mo ti mu ún."

"Ẹ mu kí ni?"

"Mo kọ ọ́ sí wàláà, mo kà á títí ó fi wọ̀ mí lórí, mo fọ̀ ọ́, mo mu omi rẹ̀. Àbí báwo ni wọ́n ṣe kọ́ ìwọ nílé kéú?"

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi náà nìyẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Ṣùgbọ́n sùúrù mi tán.

"Haba, Baba! Ṣé òyìnbó máa wá wo inú ikùn yín ni? Kí lẹ tilẹ̀ ń wá nínú ìwé wọn lọ́jọ́ orí yìí? Bí lẹ́tà bá dé, ṣebí mo wà níbí, mo máa kà á fún yín."

Ó wò mí.

"Àlàbí, lẹ́tà èdè òyìnbó tó ní ọkọ Ràlíátù ọmọ mi ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní Kùmásì, ta ló kà á?"

"Èmi ni."

"Níbo?"

Ní pósọ́fíìsì náà ni, níwájú gbogbo ẹni tó wá ra sítáǹpù. Ohùn tí mo fi ń pe orúkọ àwọn tó ní lẹ́tà ni mo sì fi kà á.

"Kí n tó délé, ìyá rẹ̀ ti gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò."

 Mo fún un ní bébà àti kálámù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọ ìdáhùn ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti orí, láìwo ìwé. Awakọ̀ ń fọn fèrè, ó ń bú mi. Mo dá ọkọ̀ dúró, ohun tí n kò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà Ràlíátù mìíràn dé. Mo ti fẹ́ tú u kí n tó rántí. Baba gbà á, ó kọ̀yìn sí mi, ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pòṣé. Ó ká a, ó tì í sápò.

"Kí ló wí, Baba?"

"Ó ní kí n kí ọ."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Alihamudulilahi, títí dòní n kò mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn.