Síìmù Mẹ́fà Nínú Fóònù Ìyá Mi

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì, níbí ní Bouaké, ìlú kan lẹ́yìn odi, ni kíkọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ lórí fóònù. Kọ̀ǹpútà náà kì í fetí sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Ìṣesí fóònù ló ń wò. Èmi tìkára mi ni mo kọ́ ọ pé fóònù tí síìmù mẹ́fà bá wọ inú rẹ̀ láàárín wákàtí kan, ti olè ni. Mo ti fi òfin yìí fọ́nnu níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ilé iṣẹ́ fóònù kan gbà láti dán an wò. Gbogbo fóònù tí kọ̀ǹpútà bá tọ́ka sí ni wọ́n ń tì pa, àti síìmù tó wọ inú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, fi gun alùpùpù wá bá mi ní ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

“Pọ́tábù mi, fóònù yìí, ò ṣiṣẹ́ mọ́ láti àná. Ìwọ tó o kàwé rẹ̀, bá mi wò ó.”

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ṣe gbẹ̀yìn.

“Kí ni ǹ bá tún fi ṣe? Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bá pe ilé.”

Ìgbà náà ló yé mi. Lọ́jọ́ ìsinmi, tí ìsìn bá ti parí, àwọn ìyá àgbà tí kò ní fóònù a tú etí ìró wọn, wọn a yọ síìmù tí wọ́n dì síbẹ̀. Ìyá mi a ti síìmù náà bọ inú fóònù tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú lè bá ọmọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀. Wọn kì í fẹ́ fi nọ́ńbà ẹlòmíràn pè. Nígbà tí mo wà ní líísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi tí èékánná mi le ni mo máa ń ṣí ẹ̀yìn fóònù fún wọn.

Mo jẹ́wọ́ pé kọ̀ǹpútà mi ló pè wọ́n lólè.

Ìyá mi ní, “O ò wá sọ fún un pé ìwọ lo máa ń ṣí i?”

Ojú tì mí. Mo pe ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó dá mi lóhùn ní kí n kọ̀wé, pé ó di ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó lè ṣí i.

“Màmá tó ń gbé lẹ́yìn ọjà ńkọ́, tí síìmù rẹ̀ wà lára mẹ́fà yẹn?” ni ìyá mi wí. “Òní ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ tì pa yẹn ni ọmọ rẹ̀ máa pè, nínú pọ́tábù mi.”

A jọ lọ sílé màmá náà. Mo fi fóònù tèmi pe ọmọ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dún títí, kò gbé e. Mo tún un pè, ó já a.

“Kò ní gbé e,” ni màmá wí, síìmù wọn sì wà lọ́wọ́ wọn. “Kò mọ nọ́ńbà rẹ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un nípa àwọn gbájúẹ̀.”