Ẹni Tí Wọ́n Ṣẹ̀ Kò Tíì Sọ̀rọ̀

Iṣu tó jóná mọ́ inú àká kì í rùn bí iṣu sísun. Iṣu sísun máa ń ta sánsán, á sì mú kí itọ́ yọ lẹ́nu èèyàn. Ṣùgbọ́n iṣu tí àká wó lé lórí, tí ọ̀pá àti okùn tí wọ́n fi dè é jóná mọ́ ọn lára, òórùn kíkan ló máa ń rùn, bíi ti nǹkan tó ti kú. Òórùn yẹn ni mo bá lóko ìyá mi lábẹ́ òkè ní Ọ̀kà, nígbà ọyẹ́ ọdún tí mo jáde yunifásítì, tí mò ń retí kí wọ́n pè mí síṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ìyá mi dúró láàárín eérú, ó ń fi igi tú u. Kò sunkún. Èèbù ló ń wá, àwọn iṣu kéékèèké tí à ń fi pamọ́ de ìgbà gbígbìn. Kò rí èyí tó lè hù.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí èèbù yẹn jẹ́, torí mi ò fẹ́ kí o rò pé nítorí iṣu lásán ni inú ṣe bí mi tó bẹ́ẹ̀. Láti Ìpè, ìlú rẹ̀ tí ẹnu wọn yàtọ̀ sí tiwa, ni ìyá mi ti gbé irúgbìn náà wá nígbà tó fẹ́ bàbá mi. Lọ́dọọdún ló ń gbìn ín, tó ń wà á, tó sì ń yọ ti ọdún tó ń bọ̀ sọ́tọ̀. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ilẹ̀ tí ìyá mi ń dá oko sí, ilẹ̀ ẹbí ọkọ ni, ìwọ náà sì mọ bó ṣe ń rí fún opó tí ilẹ̀ rẹ̀ bá wà lásán fún ìgbà òjò kan ṣoṣo. Wọn á ní kò lò ó mọ́. Wọn á fi fún ẹlòmíràn, wọn á tún fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún un. Nítorí náà, bí òjò bá dé tí kò sí èèbù, kì í ṣe oúnjẹ ọdún kan nìkan ló lọ.

Ẹni tó jó o kì í ṣe àjèjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ẹni tí mò ń pè ní bọ̀dá láti kékeré. Ó fẹ́ pa ọ̀yà, ló bá dáná sí igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa, òun nìkan, láàárín ọyẹ́. Kò sẹ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé kò tilẹ̀ rí ìdí tó fi yẹ kó sẹ́. Wọ́n ní ó ń sọ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹmu pé iná kì í ṣe ajá tí èèyàn lè so mọ́lẹ̀. Kò yà sílé wa. Kò kí ìyá mi kú ewu.

Ìyá mi dúró títí, kò rí i, ló bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ní Ìkàrẹ́. Mo bá a lọ. Adájọ́ náà fara balẹ̀ gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ó ní níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ẹbí kan ni wọ́n, òun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ jókòó nílé, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe lè tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ó wá yíjú sí ìyá mi, ó ní òun ni yóò padà wá sọ bóyá ọ̀rọ̀ ti parí tàbí kò tíì parí. Inú mi dùn. Mo ti kà nípa irú ìdájọ́ yìí níléèwé, èyí tó ń wá bí a ṣe máa wo ọgbẹ́ sàn dípò ká kàn ju èèyàn sẹ́wọ̀n. Mo rò pé àwọn àgbà wa ni wọ́n tilẹ̀ ni ọgbọ́n náà.

Ọjọ́ tí a jókòó, pálọ̀ olórí ẹbí kún. Àwọn ọkùnrin wà lórí àga, wọ́n fi ìyá mi sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀dá wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú olórí ẹbí. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Wọ́n bá a wí díẹ̀, wọ́n ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n ní àwọn ti dárí jì í, kó dìde. Ó dìde, ó gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ jókòó láàárín wọn. Ẹ̀yìn ló kọ sí ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sẹ́ni tó bi ìyá mi ní ohunkóhun. Kò sẹ́ni tó dárúkọ èèbù.

Olórí ẹbí wá ní, “Ìyàwó, kúnlẹ̀, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá rẹ.”

Ìyá mi ò mira. Ọ̀kan nínú wọn bá ní, “Ẹ tún un sọ. Àwọn ará Ìpè kì í tètè gbọ́ Yorùbá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, bọ̀dá náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe bó ṣe rí lára mi. Ó dà bí ẹni pé wọ́n jó oko náà lẹ́ẹ̀kejì lójú wa, wọ́n sì ní ká wá yá iná rẹ̀. Mo dìde, ohùn mi gbọ̀n, mo ní kì í ṣe àwọn ni bọ̀dá ṣẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ yunifásítì jókòó, pé ìwé ló ń pa mí. Ojú tì mí pé ohùn mi gbọ̀n, ìtìjú yẹn sì tún bí mi nínú.

Ìyá mi ló dá wọn lóhùn. “Mo gbọ́ Yorùbá, bàbá. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ní ẹ ti dárí jì í. Ṣé iṣu tiyín ló jó ni?”

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn bọ̀dá.

“Adájọ́ ní èmi ni kí n wá sọ bó bá ti parí. Kò tíì parí. Ọmọ yín ò tíì bá mi sọ̀rọ̀.” Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó jáde.

Láti ọjọ́ náà, ìkíni dín kù. Àwọn kan á máa sọ ọ́ létí wa pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo kórìíra òwe yẹn nígbà náà, mo sì tún kórìíra rẹ̀ díẹ̀ títí di òní. Ta ló ní ọ̀rẹ́ là ń wá? Ẹni tó jó oko ẹni ti kọ ọ̀rẹ́ sílẹ̀ kí kóòtù tó dé. Kí ló dé tí wọn ò ní òwe kan tí wọ́n lè pa fún ẹni tó dáná?

Ìyàwó àgbà ilé wa, ẹni tó ti wà nínú ilé náà kí wọ́n tó bí bàbá mi, ló lọ bá bọ̀dá. Wọ́n ní ó sọ fún un pé gbogbo ọkùnrin tó ní kó dìde, kò sí èyí tí yóò bá a dúró níwájú adájọ́. Bóyá ẹ̀rù ló bà á, bóyá ojú ló tì í, mi ò mọ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó gun alùpùpù wá sí oko, ó so àpò èèbù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú ọkọ́ dání. Kì í ṣe irú ti Ìpè. Irú yẹn ti lọ, a ò sì rí i mọ́. Ìyá mi wo àpò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Bọ̀dá bọ́ síbi aporo kejì, òun náà ń kọ. Èmi ń gé èèbù, mò ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Nígbà tí oòrùn mú, bọ̀dá dúró. Ó ní, “Màmá, mi ò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ máa yí síbí.”

Ìyá mi ò gbójú sókè. “Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́.”

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. “Mo mọ̀.”

Ìyá mi nàró, ó wò ó lójú, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí oko ti jó. Ó ní, “Ó dáa. Ebè tìẹ kéré jù, kó ilẹ̀ sí i.” Bọ̀dá kó ilẹ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí ni ìyá mi lọ sí Ìkàrẹ́, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún adájọ́ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àwọn àgbà ẹbí ṣì ń sọ ọ́ káàkiri pé àwọn ló parí ìjà náà, mo sì máa ń bínú ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé mo kórìíra kí á máa yanjú ọ̀rọ̀ nílé. Mo rí i tó ṣiṣẹ́, lójú ara mi, láàárín ebè méjì. Ohun tí mo kórìíra ni ìdáríjì tí ẹni tí kò jìyà ń pín kiri bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ní báyìí, bí wọ́n bá ní ká wá parí ìjà kan, yálà níbi iṣẹ́ tàbí ládùúgbò, mo máa ń béèrè ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, àti bóyá ó ti sọ̀rọ̀. Wọ́n á wò mí bí adárúgúdù-sílẹ̀. Ohùn mi ṣì máa ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó kí wọ́n tó dá mi lóhùn.