Àlùwàlá Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo bi bàbá mi, tó jẹ́ àfáà, pé bí Ọlọ́run bá dá ohun gbogbo, ta ló dá Ọlọ́run?

Ó ní, “Lọ tún àlùwàlá ẹ ṣe.”

Mo búra lọ́kàn mi pé mi ò ní dá ọmọ kankan lóhùn bẹ́ẹ̀ láé.

Lánàá, nílé mi ní àdúgbò Basin, gbogbo ilé ti tò sẹ́yìn mi fún ìrun Alásàárì nígbà tí ọmọ-ọmọ mi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, bi mí ní ìbéèrè yẹn. N kò lè kúrò níwájú wọn.

Mo ní, “Lọ tún àlùwàlá ẹ ṣe.”

“Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n, Bàbá àgbà.”

Ó gbé kẹ́tùlù jáde. Mo kọjú sí gábàsì, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ìrun.